Ara Tí Kò Ní Orúnkún

"Àwẹ̀ró o! Àwẹ̀ró, ọmọ dáadáa, kú àbọ̀ o!"

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá, ohùn ìyá arúgbó, ó rọ̀, ó sì dùn, bí ẹni pé ó fẹ́ràn mi. Orúnkún mi méjèèjì gbọ́ ọ kí etí mi tó gbọ́. Mo fi eyín di ètè mú, mo na ẹsẹ̀ mi ṣánṣán, n kò sì mira.

"Kò tẹ̀," ni ìyá arúgbó náà wí. Adùn ti kúrò lóhùn rẹ̀. Ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn, kí ó máa fi oríkì pe ọmọ ọlọ́mọ láti ẹ̀yìn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì ń jẹ́ ìpè. Ọmọ tó bá tẹ̀, pàṣán ni wọ́n máa fi nà án.

"Tún un ṣe," ni Tinúadé wí. "Ṣẹ̀gilọlá ọmọ Bámgbóyè ni. Àrùn ìdílé ni ìkúnlẹ̀ nílé wọn."

Ìyá arúgbó náà bọ́ síwájú mi. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ mọ́ra, ó tún pè mí, ó fa orúkọ náà gùn. Irun rẹ̀ funfun báláú. Mo wo ojú rẹ̀ láìṣẹ́jú, mo sì sọ ohun tí òfin ní kí á máa sọ fún àgbà.

"Kí lo fẹ́?"

"Ó yege," ó ní, ó padà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀.

Tinúadé ni olórí Pápá, ibi ìjà inú ẹ̀rọ, ní Òkè-Àpáta, àdúgbò wa. Ó dàgbà ju ìyá mi lọ, síbẹ̀ n kò gbọdọ̀ pè é ní àǹtí, n kò sì gbọdọ̀ sọ pé "ẹ" fún un. "Ìwọ" là ń pe gbogbo ènìyàn báyìí, tàgbà tèwe. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé ni kò jẹ́ ká rí omi mu. Ẹ̀kọ́ ilé o! Àwọn kan náà tó ń lu ọmọ nítorí pé ó kí ìyá àgbà rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lójú fèrèsé, àwọn ará àdúgbò ti pé. Wọ́n ń fi kéègì òfìfo lu ara wọn, pàkà pàkà pàkà, wọ́n sì ń kọ orin kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀: "Ẹni tó da omi nù ni kó lọ pọn ọ́n! Ẹni tó da omi nù ni kó lọ pọn ọ́n!" Mo mọ gbogbo ojú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mi níwèé. Ọ̀kan ló ta bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi fún mi, ó sì jù ú sílẹ̀ kí ọwọ́ wa má baà kan ara wọn.

"Yíjú sí ògiri," ni Tinúadé wí.

Mo yíjú sí i. Lára ògiri náà, bàbá mi ń dọ̀bálẹ̀.

Ó ti ń dọ̀bálẹ̀ lára ògiri yẹn láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Àwòrán náà kì í sinmi. Bàbá mi á jáde nínú ara Jagunjagun, apata lọ́wọ́ òsì, idà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ti lé ará Ìdí-Ìrókò, àdúgbò tí a ń bá du omi, dé ẹnu omi, ó ku kí ó sọ idà kalẹ̀ kí ọ̀rọ̀ parí. Ará Ìdí-Ìrókò á wá ṣí akoto orí rẹ̀. Ògúnṣínà ni, àgbàlagbà tó gbé bàbá mi jó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kí wọ́n tó fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún la ìlú wa sí méjì. Á rẹ́rìn-ín músẹ́. Á ní, "Àkànní, ṣé dáadáa lo jí?" Kí ó tó pa ẹnu dé, àyà bàbá mi á ti kanlẹ̀, idà á ti bọ́. Ohùn Adájọ́ á wá dún, tútù nini: "Ó ti juwọ́ sílẹ̀. Omi di ti Ìdí-Ìrókò." Lẹ́yìn náà, bàbá mi á tún jáde, pẹ̀lú apata lọ́wọ́ òsì.

Adájọ́ kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ ni. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe é wá fún wa lẹ́yìn ogun omi, kí á lè máa jà nínú Pápá dípò kí á máa fi àdá gidi pa ara wa. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé ẹni tó bá fi orúnkún tàbí àyà kanlẹ̀ níwájú ọ̀tá, tí kò sì sí ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, ti juwọ́ sílẹ̀. A pariwo títí, a ní ìkíni ni. Wọ́n dá wa lóhùn pé òfin kan náà ni fún gbogbo ayé.

Láti ìgbà náà ni ìkúnlẹ̀ ti di èèwọ̀ ní Òkè-Àpáta, nínú ilé àti lóde, kí ara má baà rántí rẹ̀ nínú Pápá. Ti bàbá mi tún yàtọ̀. Ìkíni ló fi pàdánù omi wa, nítorí náà kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kí i mọ́. Ó lè ra ọjà, ó lè ṣiṣẹ́, ó lè ṣàìsàn. A kì í kí i. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ á wò ó kọjá bí ẹni tó ń wo ọ̀nà. Omi ló dànù, agbè kò fọ́, ohun tí wọ́n fi máa ń tu ènìyàn nínú láyé àtijọ́ nìyẹn. Ní tiwa, nígbà tí omi dànù, wọ́n gbé agbè náà, wọ́n là á mọ́lẹ̀.

"Ipa wo lo máa yàn?" ni Tinúadé bi mí.

"Jagunjagun."

"Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́ níta."

"Jagunjagun!"

Kéègì dún. Inú wọn kò dùn sí mi, ṣùgbọ́n inú wọn dùn sí idà.

"O mọ ohun tó wà ńlẹ̀," Tinúadé ní. Ó ń de okùn ẹ̀wù Pápá mọ́ mi lẹ́yìn, ó sì ń fà á ju bó ṣe yẹ lọ. "Ẹni tí kò wọ Pápá rí nìkan ni òfin gbà fún ìjà ẹnu omi, a sì ti gbà pé ilé tó pàdánù rẹ̀ ni yóò lọ gbà á padà. Tí o bá borí, omi á wọ táǹkì wa. Tí o bá kúnlẹ̀, bàbá rẹ ò ní sùn ní àdúgbò yìí lónìí. Kéègì kan la máa fún un, a ó sì ṣí ẹnu ọ̀nà aṣálẹ̀ fún un."

"Ó ti gbọ́?"

"Ta ló máa sọ fún un? Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀?"

Mo wo ojú fèrèsé. Bàbá mi wà lọ́ọ̀ọ́kán, nídìí táǹkì gbígbẹ, níbi tí àwọn ènìyàn ti fi àyè sílẹ̀ yí i ká. Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dára jù. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nítorí ẹ̀wù yẹn. Láràárọ̀, tí a bá ti ti fèrèsé pa, tí a sì ti fi aṣọ dí ihò kọ́kọ́rọ́, ọkùnrin yìí á jókòó sórí àpótí, èmi á sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Òun náà á yára dáhùn, ẹ̀rù á ti máa bà á, á ní, "Dìde, dìde, orúnkún á dùn ọ́." Gbogbo ìkíni tó kù fún un láyé nìyẹn. Tí mo bá pàdánù rẹ̀ fún aṣálẹ̀, n kò mọ ẹni tí mo tún jẹ́.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Tinúadé tanná. Ó wò ó. Ó tún un wò.

"Orúkọ ti dé láti Ìdí-Ìrókò," ó ní. "Ẹni tí wọ́n mú, ìyá rẹ ni."

Ọmọ Ìdí-Ìrókò ni ìyá mi, lóòótọ́. Lẹ́yìn ìdọ̀bálẹ̀ bàbá mi, kò sí ẹni tó ń ta iyọ̀ fún ìyá mi mọ́ ní Òkè-Àpáta. Ó sá padà sílé bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ gbé mi dání, wọ́n gbà mí lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu wáyà, wọ́n ní ọmọ Òkè-Àpáta kì í sọdá. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ kò ju òórùn orí rẹ̀ lọ àti ohùn rẹ̀ tó ń pe Àwẹ̀ró.

"Wọ́n gbọ́n," Tinúadé ní. Ó jọ pé ó yìn wọ́n. "Tí ó bá ti la ẹnu láti pe oríkì rẹ, bẹ́ ẹ lórí kó tó parí rẹ̀."

"Ìyá mi ni."

"Ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú Pápá. Ó kàn máa dùn ún ni."

"Ìyá mi ni, Tinúadé."

"Bàbá rẹ náà sọ pé ẹni tó gbé òun jó ni." Ó ti akoto bọ̀ mí lórí. "Wọlé."

Inú yàrá yíyàn ṣókùnkùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀, ògiri sì lọ. Mo dúró sórí ilẹ̀ tó ń dán. Níwájú mi ni àwọn ara dúró sí ní ìlà, gbogbo wọn ní ojú mi.

"Yan ipa rẹ," ni Adájọ́ wí. "Èyí tí o bá yàn, o kò lè pa á dà títí ayé."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara tí o bá yàn nínú Pápá ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́. Òun ló máa dúró ní kóòtù fún ọ, òun ló máa wọlé ìwé, òun náà ló máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nítorí ìjọba kò ka ohunkóhun tí a bá ṣe níta sí nǹkan kan. Ọdọọdún ni mo ti ń wo Olùwòsàn, ẹni aṣọ funfun, tí ewé ń hù ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn wà nínú Pápá, òun nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Òun ni mo fẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, àfi bàbá mi.

Mo lọ sọ́dọ̀ Jagunjagun, mo fi ọwọ́ kàn án. Ara náà bọ̀ mí bí ẹ̀wù. Idà wúwo lọ́wọ́ mi. Ohun tí Tinúadé sọ fún mi ni kí n mú un kí n sì máa lọ. Mo kọ́kọ́ tẹ orúnkún mi díẹ̀.

Jagunjagun tẹ orúnkún.

Mo jáde nínú rẹ̀, mo wọ Tafàtafà. Ó tẹ̀. Mo wọ Oṣó, iná ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀. Mo wọ Amí. Mo wọ Olùwòsàn, ó tẹ orúnkún jẹ́jẹ́ ju gbogbo wọn lọ, bí ẹni tó fẹ́ yẹ aláìsàn wò.

"Kí lò ń dán wò?" Ohùn Tinúadé bú sí mi létí. "Ṣé o wá ra bàtà ni? Mú Jagunjagun!"

Òótọ́ kan wà tí òun kò mọ̀, tí èmi mọ̀. Ìyá arúgbó orí bẹ́ǹṣì, àjèjì ni. Mo lè fi eyín di ètè nítorí àjèjì. Ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá fi ohùn rẹ̀ pe Àwẹ̀ró, orúnkún tí bàbá mi fi ìkọ̀kọ̀ tọ́ dàgbà yìí á kanlẹ̀. Kò ní béèrè lọ́wọ́ mi. Ara Jagunjagun á bá mi kúnlẹ̀, idà á bọ́, a ó sì fi bàbá mi fún oòrùn pa. Èyí tó sì burú jù ni pé bí mo bá lè gbé idà yẹn bẹ́ ẹ lórí ní tòótọ́, a jẹ́ pé Òkè-Àpáta ti pa mí kí n tó dé ibí.

Lẹ́yìn gbogbo wọn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé dáadáa, ara kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Láti orí dé ìbàdí, èmi ni. Láti ìbàdí dé ilẹ̀, òpó igi ni, ó ti wọlẹ̀ ṣinṣin. Mo fi ọwọ́ kàn án. Mo tẹ orúnkún. Orúnkún mi tẹ̀ nínú yàrá, mo mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ara náà kò mira rárá.

"Kí nìyí?" ni mo béèrè.

"Oníbodè," ni Adájọ́ wí. "Ó lè ti ilẹ̀kùn. Ó lè ṣí ilẹ̀kùn. Kò ní ohun ìjà. Kò lè rìn."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń borí rẹ̀?"

"Kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, tàbí kí wọ́n gé e lulẹ̀."

"Òun ńkọ́, báwo ló ṣe ń borí?"

"Bí ọ̀tá bá juwọ́ sílẹ̀. Tàbí bí oòrùn Pápá bá wọ̀, tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì."

"Ṣẹ̀gilọlá!" Tinúadé ń pariwo. "Orí rẹ dàrú ni? Òpó? Ta ni yóò fẹ́ òpó? Ilé ẹjọ́ wo ni òpó máa rìn lọ?"

"Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ńkọ́?" mo ní. Ara mi ni mo ń bi, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

"Ìṣègùn! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá! Mú idà, ọmọ yìí, kí n tó wọlé wá bá ọ!"

Kò lè wọlé wá bá mi. Ibi kan ṣoṣo tí kò ti lè fọwọ́ kàn mí ni mo wà. Mo wo Olùwòsàn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo wo ewé tó ń hù lọ́wọ́ rẹ̀, omi sì bọ́ lójú mi nínú akoto, n kò lè nù ún. Àwọn àgbà ní ìkúnlẹ̀ ni a fi yan orí lọ́run kí á tó wá sáyé, pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá. Èmi, orí ìdúró ni mo ti yan tèmi, kí n lè ráyè kúnlẹ̀ fún ẹni tó bí mi láìpa ẹni tó tọ́ mi.

"Oníbodè," mo ní.

"Ó ti wọlé," ni Adájọ́ wí.

Ilẹ̀ Pápá lẹ́wà ju ilẹ̀ wa lọ, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú. Koríko tútù wà níbẹ̀. Odò ń ṣàn fún àwọn tí òùngbẹ kì í gbẹ. Wọ́n gbìn mí sẹ́nu ilẹ̀kùn omi, mo ti ilẹ̀kùn náà, mo sì ń wo ọ̀nà. Oòrùn ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Lọ́kàn mi mo ní bóyá yóò pẹ́ kó tó dé. Bóyá yóò ṣìnà.

Kò ṣìnà. Ó jáde láàárín koríko nínú ara Jagunjagun, idà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ara tuntun kò tíì mọ́ ọn lára. Ó dúró níwájú mi. Ó ṣí akoto orí rẹ̀.

Ó ti rù. Ewú ti yọ níwájú orí rẹ̀. N kì bá tí mọ̀ ọ́n tí kò bá sọ̀rọ̀.

"Àwẹ̀ró," ó ní. "Àwẹ̀ró Òkín. Ọmọ tí mo pọ̀n, tí ẹ̀yìn mi kò gbàgbé."

Nínú yàrá yíyàn, orúnkún mi gbá ilẹ̀ gbì. Ìrora náà lọ dé ìbàdí mi. Mo tẹ orí ba, mo na ọwọ́ sílẹ̀. Nínú Pápá, lójú rẹ̀, òpó dúró ṣánṣán, ó ń wò ó lójú.

Ó ń retí. Mo rí i pé ó ń retí. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"O ò kí mi," ó ní. "Gbogbo ọdún yìí. O ò kí mi."

"Máàmi..."

"Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Kí o máa wo ìyá tó bí ọ lójú kòrókòró bí ẹni tó jẹ ọ́ ní gbèsè? Lọ́hùn-ún wọ́n ní kí n pe oríkì rẹ, pé wàá kúnlẹ̀, pé á tán. Mo ní kò burú, ó kéré tán ọmọ mi á kí mi. Mo rò pé ó kéré tán!" Ó gbé idà sókè. "Òkè-Àpáta ti sọ ọ́ di òkúta!"

Ó gé mi. Idà wọ ara òpó níbi tó yẹ kí itan mi wà, iná sì la ara mi já. Mo ké. Ó tún gé mi níbi kan náà, ó ń sunkún, inú ń bí i, òpó sì dún kẹ̀ẹ̀. Mo gbọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú akoto tó gbé dání: "Ó ku ẹ̀ẹ̀kan! Gé e lulẹ̀! Ó ku ẹ̀ẹ̀kan!"

"Mo ti kúnlẹ̀, Máàmi," mo ní.

"Irọ́!"

"Ara tí mo yàn ni kò ní orúnkún. Mo ti kúnlẹ̀ nínú yàrá níbi tí mo wà. Ẹ ò tíì pè mí tán tí orúnkún mi ti wà nílẹ̀. Ẹ ò kàn rí i ni, mà."

"Ta lò ń pè ní 'ẹ'?" Tinúadé bú sí mi létí. "Ta lò ń pè ní 'ẹ'?"

Idà Máàmi dúró lókè. Kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ?" ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀. Wọ́n ní wọ́n ń na ọmọ. Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàámi ni. Láràárọ̀. Tí a bá ti ti fèrèsé."

Ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí wo ìdí òpó, ó ń wo ilẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí mo kúnlẹ̀ sí gan-an. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pariwo. Ó gbé akoto tó ń pariwo náà sílẹ̀. Ó gbé idà sílẹ̀ pẹ̀lú, kò jù ú, ó rọra tẹ́ ẹ sórí koríko, bí ìyá ṣe máa ń gbé ẹrù sílẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Ó kúnlẹ̀ sídìí òpó, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra, ó sì gbìyànjú láti gbé e sókè.

"Dìde," ó ní. "Dìde, Àwẹ̀ró. Orúnkún á dùn ọ́."

Inú ilé wa, kí ó tó tú, ni òun àti bàbá mi ti kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. N kò mọ̀ bóyá ó gbàgbé Adájọ́, tàbí ó rántí rẹ̀ dáadáa. Títí di òní n kò mọ̀. Mo fẹ́ dá a lóhùn, Adájọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ó ti juwọ́ sílẹ̀. Omi di ti Òkè-Àpáta."

Apá rẹ̀ ṣì wà lára mi nígbà tí ó pòórá.

Tinúadé ló ṣí akoto lórí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, n kò rí i kí ó rẹ́rìn-ín rí. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí i bí mo ṣe wà, ẹ̀rín náà sì kú.

"Dìde kíákíá," ó ní. "Kí wọ́n tó rí ọ."

Níta, páìpù ń kùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ omi tó ń já sínú táǹkì, àti igbe àwọn ènìyàn.

"O gbọ́n," Tinúadé ní. Ó gbá apá mi mú, ó fà mí dìde. "O tan ìyá ara rẹ. Bàbá rẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé."

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún un lọ́hùn-ún?"

"Ohun tí a ṣe fún bàbá rẹ. Kí lo rò tẹ́lẹ̀?"

A jáde sí yàrá iwájú. Bàbá mi kò sí lára ògiri mọ́. Ìyá mi ló wà níbẹ̀. Ó gbé idà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kúnlẹ̀, ó gbá òpó mọ́ra. Lẹ́yìn náà ó tún jáde láàárín koríko. Àwọn ènìyàn ti wọlé láti wò ó. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń fi bí ó ṣe kúnlẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń dẹ́kun kí orúnkún rẹ̀ tó kanlẹ̀ nítorí òfin. Olùkọ́ mi fọwọ́ gbá mi léjìká. "Ṣẹ̀gilọlá akọni!" Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe orúkọ mi láìfi ti bàbá mi kún un. Mo kórìíra rẹ̀.

Mo jáde. Omi ti kún táǹkì, ó ń dà sílẹ̀, wọ́n ń gbé kéègì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ti ara wọn. Bàbá mi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀wù rẹ̀ tó dára ti tutù, kò sì sí ẹni tó yà fún un tàbí tó wò ó. Ó ń wò mí bọ̀. Ó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń mi orí fún mi pé rárá, rárá.

Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, orúnkún méjèèjì, lójú gbogbo wọn.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà."

Kéègì dákẹ́. Omi nìkan ló ń dún. Lẹ́yìn mi, Tinúadé ń pe orúkọ mi, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n lọ mú pàṣán wá.

Bàbá mi wo àwọn ènìyàn náà, ó wò mí. Ó pẹ́ kí ó tó na ọwọ́, ó gbé e lé orí mi, kò sì gbé e kúrò.

"Dìde," ó ní, kò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mọ́. "Dìde, orúnkún á dùn ọ́."

"Ó ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀, sà," mo ní, n kò sì dìde.